Ìwé Tó Wà Lórí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

"Baba Ẹ̀rọ, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé yẹn fún yín. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó dá ìjọba lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ilé yìí."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó mi orí pé òun ti gbọ́, ó sì lọ bu omi wá. Nígbà tí ó fi máa gbé omi dé, obìnrin náà ti dákẹ́.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Ìwé náà, aláwọ̀ ewé, tó nípọn tó ìka méjì, ṣì wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Inú ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n ń gbé, ní yàrá méjì tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ẹ̀rọ. Olóòtú àkọ́kọ́ ló kọ́ ilé náà, òkúta ni ògiri rẹ̀. Àpótí mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi kó ẹ̀rọ náà dé, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n sì fi tò ó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkọ fi darí ẹ̀rọ yìí. Iṣẹ́ ìyàwó ni kí ó máa ka gbogbo ìròyìn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ó wá àṣìṣe inú rẹ̀. Bí ẹ̀dà àkọ́kọ́ bá ti jáde, ọkọ á gbé e sójú fèrèsé, á wò ó látòkè délẹ̀, á ní, "Ojú ewé kẹta ò mu yíǹkì tó." Kò tàsé rí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ìyàwó á ka ìwé ìròyìn náà sí i létí nídìí tábìlì, nítorí ọkọ ní yíǹkì ti jẹ ojú òun. Inú obìnrin náà máa ń dùn sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé.

Baba Ẹ̀rọ lẹ́nu burúkú. Ẹni tó bá na bébà sí i, ì báà jẹ́ olóòtú, èébú ló máa gbà lọ sílé. "Ṣé mo jọ akọ̀wé lójú ẹ ni? Ẹ̀rọ ni mò ń tọ́jú." Wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ Ajé, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́rú, àbúrò ìyàwó rẹ̀ dé. Tíṣà ni. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ka ohun tí wọ́n lẹ̀ síta?"

"Mo rí i."

"Lọ́túnla ni wọ́n ń bọ̀ wá wó ilé yìí. Kátapílà wọn ti wà ní ìparí àdúgbò."

"Ojú mi ò fọ́."

"Kí lẹ wá ń dúró dè? Olóòtú àkọ́kọ́ fi ilé yìí sílẹ̀ fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ títí ayé, ó sì fọwọ́ sí bébà. Ìjọba ní tí a bá ti fi bébà yẹn han àwọn, àwọn á yọwọ́. Àǹtí mi mọ ibi tó wà. Ó sọ fún mi pé òun ń kọ ìtàn ilé yìí, pé òun ò ní fi nǹkan kan sílẹ̀ láìkọ. Ìwé náà ló wà lórí ẹ̀rọ yẹn."

"Èmi ló kọ ọ́ fún."

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ ti kà á?"

Baba Ẹ̀rọ mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ni mò ń bi, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ọ̀rọ̀ bébà yẹn wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Tó bá wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ gbé e fún mi, kí n kà á fúnra mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré."

"Ohun tí ìyàwó mi bá mi sọ, ìwọ fẹ́ kà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. O sì ní tíṣà ni ẹ́. O ò nítìjú."

"Kí ni wọ́n ṣèlérí fún yín?"

"Kí lo wí?"

"Àwọn tó fẹ́ wó o. Ilé tuntun ni? Torí mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n fẹ́ wólé lé lórí, tó wá dúró tó ń nu irin."

"Jáde."

"Ibi tí Àǹtí mi kú sí lẹ fẹ́ kí wọ́n wó." Tíṣà ti dé ẹnu ọ̀nà. "Àṣìṣe kan kì í bọ́ lójú ẹ̀. Àfi ẹ̀yin."

Baba Ẹ̀rọ ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí ìwé aláwọ̀ ewé náà ní ewé kọ̀ọ̀kan títí dé òpin. Ìlà rẹ̀ tọ́, yíǹkì rẹ̀ dúdú dọ́gba. Nítòsí òpin nìkan ni ọwọ́ obìnrin náà ti gbọ̀n. Bébà àtijọ́ mẹ́ta wà láàrin rẹ̀, tí a ká sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ó gbé wọn sójú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní ti ṣá. Ẹni tó tẹ èkejì kò mọ iṣẹ́. Ẹ̀kẹta dára. Ó ká wọn padà bó ṣe bá wọn, ó sì pa ìwé náà dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tún dé pẹ̀lú bíró.

"Baba, ẹ fọwọ́ síbí pé mo wá. Tí ẹ bá sì lẹ́rìí kankan, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ yìí. A máa dá iṣẹ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

Ó fọwọ́ sí i, ó sọ bíró padà sí i. "Èmi àti ẹ̀yin ìjọba ò lọ́rọ̀. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

Nígbà tí aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì lù, tí kátapílà ti ń kùn ní ojú títì, kò tíì di ẹrù. Kò tíì gbé awò ojú ìyàwó rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé. Kò tíì da omi inú kọ́ọ̀pù tí kò bá a láàyè nù. Kò tíì ránṣẹ́ pe tíṣà.

Kò sì tíì sọ fún ẹnì kankan, kò sọ ọ́ fún obìnrin náà pàápàá ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, pé òun kò mọ ìwé kà.