Ibi tí Lateef Máa Gbá Bọ́ọ̀lù Sí

Omi ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà, abúlé méjì ló ń fẹ́ ẹ. Àjọ aláàánú tí líìgì àwọn agbábọ́ọ̀lù akọṣẹ́mọṣẹ́ dá sílẹ̀ ló fẹ́ gbẹ́ ẹ sí ọ̀nà oko lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Adétutù ni wọ́n sì rán wá. Ó jókòó sí gbọ̀ngàn Baálẹ̀ Olórógbó, ó ní kí àwọn ọkùnrin Olórógbó àti ti Ẹlẹ́kùrọ́ tó ti gbéyàwó bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Tí eré bá parí, àjọ á gbé ife kalẹ̀, á sì sọ ibi tí omi ẹ̀rọ máa wà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n gbé adìyẹ kan tẹ̀lé e dé ìdí mọ́tò. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan. Ẹni tó fẹ́ fún èèyàn lómi, ta ló máa dúró máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀? Tọmọdé tàgbà ló ṣáà mọ̀ pé ẹni tó bá borí ló ń kó ẹ̀bùn lọ.

Sàníù, àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́, ni kípà Olórógbó. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ikùn rẹ̀ sì ti ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù kì í kọjá lára rẹ̀. Mùjíbátù ìyàwó rẹ̀ ò gbàgbé ìyẹn. Gaàrí ló ń ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló sì ń lọ sódò lójúmọ́.

"Bàbá Fàdìlàt," ló wí, "tí bọ́ọ̀lù bá fi lè wọlé lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin lẹ ó máa lọ pọnmi."

"Kò ní wọlé."

"Ẹ búra."

"Mo ní kò ní wọlé, Mùjíbátù. Àbí kí n jẹ iyẹ̀pẹ̀ ni?"

Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ní Ẹlẹ́kùrọ́ ni Lateef, ọkọ Fàdìlàt, àna Sàníù. Òun ni wọ́n máa ń fún ní pẹnáritì gbá. Ibẹ̀ ni Baálẹ̀ ti rí ọgbọ́n dá.

"Ẹni tó fẹ́ ọmọ èèyàn ò lè purọ́ fún àna rẹ̀," ló wí. "Sàníù, lọ bi í. Tó bá di pẹnáritì, apá ibo ló máa gbá a sí?"

Lọ́jọ́ Ajé, Sàníù gun ọ̀kadà lọ sí Ẹlẹ́kùrọ́. Fàdìlàt ò sí nílé, odò ló lọ. Odò tiwọn jìn ju ti Olórógbó lọ, òkè sì wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, oyún oṣù mẹ́jọ ò jẹ́. Sàníù fúnra rẹ̀ ló bá a sọ korobá kalẹ̀. Wọ́n fún un lómi mu, kò mu ún.

Lateef dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó gbọ́ ìbéèrè náà tán. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wá rọra sọ ọ́ sí àna rẹ̀ létí.

"O ò ní yí i padà?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún mi níyàwó, Bàbá."

Gbọ̀ngàn Baálẹ̀ ti kún kó tó padà dé. Mọ́ṣáláṣí wà ní ẹ̀gbẹ́ kan pápá Olórógbó, igi kajú wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Apá mọ́ṣáláṣí," ni Sàníù wí.

Wọ́n kí i kú iṣẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́yìn ìrun alaásárì, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí apá mọ́ṣáláṣí fún un, ó ń fò tẹ̀ lé e, ó ń ṣubú gbì. Mùjíbátù ń fi òrí pa á lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù títí, kò sẹ́ni tó jẹ góòlù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, Mikail tó ń jó irin ní Olórógbó fi ọwọ́ méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù mú níwájú ilé góòlù wọn. Ó ní òun rò pé rẹfirí ti fun fèrè ni. Pẹnáritì.

Lateef gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Kó tó gbá a, ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún kípà. Rẹfirí ò rántí òfin kankan tó kan ìyẹn, ó dúró dè é. Sàníù ní kó dìde. Lateef gbá a. Sàníù fò sí apá mọ́ṣáláṣí, fífò tó dára gan-an. Bọ́ọ̀lù rọra gba apá igi kajú wọlé.

Lateef ni ariwo Olórógbó dà lé lórí. "O purọ́ fún àna ẹ!" Baálẹ̀ ní irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Mùjíbátù ní òun máa gba ọmọ òun padà lọ́jọ́ náà gan-an. Lateef yíjú wo àna rẹ̀. Sàníù ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ lára ṣòkòtò, ó ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀, pé bọ́ọ̀lù ṣáà ni. Wọ́n yìn ín fún sùúrù.

Adétutù gbé ife fún Ẹlẹ́kùrọ́, ó wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Olórógbó la máa gbẹ́ omi ẹ̀rọ sí," ló wí. "Bá a ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn. Ẹni tó borí á gba ife, a ó ṣiṣẹ́ fún ẹni tó pàdánù, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀yin náà lẹ ò bi mí."

Olórógbó gbé Sàníù sókè, wọ́n ń gbé e jó yí pápá ká. Mùjíbátù ló ṣáájú wọn. Ojú Sàníù ò jọ ti ẹni tí wọ́n ń gbé jó. Wọ́n ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Lateef wá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, Fàdìlàt dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

"Bàbá," ni Lateef wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "apá igi kajú ni mo sọ fún yín, ibẹ̀ náà ni mo sì gbá a sí."

"Mo gbọ́ ọ dáadáa lọ́jọ́ Ajé," ni Sàníù wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọmọ rẹ̀. "Mo rò pé ẹni tó bá borí ni wọ́n máa gbẹ́ ẹ fún ni."