Ìràwọ̀ Tí Akínsànyà Fi Sọ Fáìlì Lórúkọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ìtàn yìí dúró lágbede méjì. Ẹ kà á dópin, pàápàá ẹ̀yin ọ̀gá. Sàfúrátù, ìyàwó Akínsànyà, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ilé wa lọ́dún 1980.

1.
Lọ́dún 1978, Akínsànyà ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Liverpool Road, l'Ápápá. Ó mú Sàláwù, àbúrò ìyàwó rẹ̀, wọ ibẹ̀ láti Ajégúnlẹ̀. Wọ́n ṣì ń dán Sàláwù wò ni. Bàbá Folúkẹ́, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, sì ti búra: àfi tí wọ́n bá gbà á síṣẹ́ pátápátá kí òun tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́.

Ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́ ti kìlọ̀: lẹ́tà àti nọ́ńbà nìkan ni kí wọ́n máa fi sọ fáìlì lórúkọ. Wọn ò gbọ́dọ̀ lo àmì ìràwọ̀, nítorí "gbogbo fáìlì" ni ẹ̀rọ náà ń kà á sí.

2.
Wọ́n sọ Akínsànyà di ọ̀gá, orí rẹ̀ wú. Ó fi ìràwọ̀ kan ṣoṣo sọ fáìlì tirẹ̀ lórúkọ.

"Bùọ̀dá, wọ́n ní ká má lo ìyẹn o."

"Ta ni wọ́n? Ṣé o ò rí èjìká àwọn ṣọ́jà ni? Ọ̀gá ló ń ní ìràwọ̀. Ìwọ ríkúrúùtù, jókòó jẹ́ẹ́!"

Ẹ̀rọ gbà á, nǹkan kan ò ṣe. Ó fi Sàláwù ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi délé.

3.
Nígbà tó yá, kò nílò fáìlì náà mọ́. "Sàláwù, pa fáìlì mi yẹn rẹ́."

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi…"

"Ṣé mo bi ọ́ ni? Tẹ̀ ẹ́!"

Sàláwù tẹ̀ ẹ́. Gbogbo fáìlì ilé iṣẹ́ parẹ́ ráúráú. Ẹ̀dà tó yẹ kí Akínsànyà máa ṣe sí téèpù, kò ṣe é. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ẹrù ẹnikẹ́ni wà mọ́. Ọkọ̀ ẹrù tò dé Malu Road, àwọn dírẹ́bà ń ṣépè.

Máníjà bi wọ́n pé, "Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Akínsànyà wolẹ̀. "Sàláwù ni, sà."

Kò purọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó sọ fáìlì lórúkọ. Wọ́n lé Sàláwù.

Sàfúrátù kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ nílé. "Bàbá Tinú, ẹ lọ sọ òtítọ́. Ọmọ ìyá mi ni."

"Kí wọ́n wá lé èmi náà?"

4.
Wọ́n padà lé e. Ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́ wá wádìí, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì tú àṣírí ìràwọ̀ náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Sàláwù padà, ṣùgbọ́n bàbá Folúkẹ́ ti gba ìdána ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má fi ipò tẹ òfin kékeré mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ má gbé e lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Àwọn àgbà ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Àmọ́ ẹni tó dúró tì í ló máa ń kọ́kọ́ bà lé.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1979, ni wọ́n mú Folúkẹ́ lọ sílé ọkọ.