Ìyálóde Omi

Àlọ́ o! Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó balẹ̀ sí àgbàlá Ìgalà, ìyá tó ń tọ́jú àwọn ẹranko tó fara pa.

Pẹ́pẹ́yẹ ló ń bá a pọnmi lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Ìgalà kì í kí i. Nígbà tó yá, Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ẹ́ dé, ó sì ń ráhùn. Ìgalà rò ó títí, ó ní, “Oyè ló ń wá.” Ló bá fi í jẹ Ìyálóde Omi.

Ní ọjọ́ kejì, Pẹ́pẹ́yẹ jókòó sílé. Ó ní Ìyálóde kì í ru omi. Òùngbẹ wá ń gbẹ àwọn aláìsàn, wọ́n fi orin sẹ́nu:

Omi tán lámù,
*Jàńjàn-kò.*
Ìyálóde jókòó,
*Jàńjàn-kò.*
Ta ni yóò pọn ọ́n?
*Jàńjàn-kò.*

Ìgalà fúnra rẹ̀ gbé kèrègbè lọ sódò. Bó ti ń mí hẹlẹ ru omi wọlé, Òkété tó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ gbórí sókè, ó ní, “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọrùn.”

Ọ̀rọ̀ náà tu Ìgalà lára débi pé ó tún padà sódò láìsinmi. Ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ ti yé e. Bó ti ń bọ̀, ó yà sílé rẹ̀.

“Pẹ́pẹ́yẹ, o kú omi àtẹ̀yìnwá. N kò kí ọ rí. Má bínú.”

Pẹ́pẹ́yẹ yọjú wo kèrègbè. “Ẹ̀yin lẹ wá ń pọnmi?”

“Èmi ni.”

“Ẹ ti da ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà.” Ó gba kèrègbè, ó ṣíwájú.

Láti ọjọ́ náà ni pẹ́pẹ́yẹ ti ń mi orí bó bá ń rìn. Ìkíni ló ń dáhùn.