Ọkọ̀ Tí Alimat Ò Lè Wà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Mo mọ̀ yín, ìdajì lẹ máa ń kà. Ọkùnrin tó bá ń sọ pé ìyàwó òun ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, òun gan-an ni mò ń bá wí.

1.

Fort Washington, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ DC ní Amẹ́ríkà, ni Mùtàlíbù àti Alimat ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Mùtàlíbù fi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní DC, tó ń jókòó sínú gó-sílòó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2006, ó sọ pé ilé tó dúró sójú kan ti sú òun. Ó fẹ́ ta ilé, kó ra ilé onítáyà tí àwọn ará ibí ń pè ní RV, kí àwọn méjèèjì máa gbé inú rẹ̀, kí wọ́n máa fi rí Amẹ́ríkà.

Alimat ò ta kò ó. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ló ń ṣe, ó sì ti fi Kòrólà rẹ̀ gba inú òjò àti yìnyín kọjá. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè.

"Bàbá Inaayah, ẹ jẹ́ ká ra kékeré, irú mọ́tò fáànù tí wọ́n fi ibùsùn àti sítóòfù sí nínú yẹn. Èyí tí èmi náà máa lè wà. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tó bá rẹ̀ yín lọ́nà ńkọ́?"

"Àgbà bíi tèmi, kí n máa sùn nínú fáànù bí ẹni tó ń kó búrẹ́dì kiri?"

"Ẹ bi Raheem nígbà náà."

Mẹkáníìkì ni Raheem. Irú ọkọ̀ yìí gan-an ló ń tún ṣe ní Riverdale Park, ìlà kan náà ni òun àti Mùtàlíbù sì máa ń dúró sí nírun Jímọ̀. Ṣùgbọ́n Mùtàlíbù kàn pòṣé.

"Ká tó ṣe nǹkan, ká ti pariwo ẹ̀? Ṣé o fẹ́ káyé gbọ́ ni? Ọjọ́ tí mo bá gbé e dé mọ́ṣáláṣí ni kí wọ́n tó mọ̀."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwa náà la máa ń ṣe é. A ó bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún ẹni wa tó mọ̀ nípa rẹ̀, a ó wá lọ fọkàn tán òyìnbó tó ń tajà, tá a ò rí rí.

2.

Mùtàlíbù ta ilé. Èyí tó tóbi jù lọ ló rà, bọ́ọ̀sì ràgàjì tí ògiri rẹ̀ máa ń tì jáde tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, kí inú rẹ̀ lè fẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Alimat jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀ náà kí wọ́n tó gbéra. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tó bíréèkì dáadáa, kò sì rí ẹ̀yìn. Mùtàlíbù ní kó bọ́ sílẹ̀, ta ló ní kó wà á?

Alimat ní kí wọ́n so Kòrólà òun mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá náà, bí àwọn mìíràn ṣe máa ń ṣe, kí òun náà lè rí èyí tí òun máa wà. Mùtàlíbù ta Kòrólà. Ó ní mọ́tò tó ti gbó bẹ́ẹ̀ máa bu iyì ọkọ̀ òun kù lójú àwọn èèyàn.

Ó gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ṣàdúà sí i, wọ́n mu mọ́ltì, wọ́n wẹ ọkọ̀. Raheem rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó wo Alimat, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì. Ọkọ̀ ti délẹ̀, kí ló fẹ́ sọ?

"Ọlọ́hun á fi alùbáríkà sí i, ẹ̀gbọ́n," ló sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

3.

Oṣù méjì ni wọ́n gbádùn ẹ̀, mi ò ní purọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n dé àárín àwọn òkè ní Tennessee. Ibùdó tí wọ́n ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí létí ìlú ò gbà wọ́n, wọ́n ní ọkọ̀ wọn gùn ju àyè àwọn lọ. Wọ́n darí wọn sí pápá kan tó jìnnà, níbi tí kò sí ẹlòmíì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Mùtàlíbù ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́ ni ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ pe Alimat, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, ó sì ṣubú lulẹ̀. Alimat mọ ohun tó ń wò. Ó ti rí rọpárọsẹ̀ lára àwọn tó ń tọ́jú, ó sì mọ̀ pé wákàtí díẹ̀ péré ló wà tí dókítà fi lè gbà á là. Fóònù ò mú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó ṣáná sí i. Ó gbé e síwájú díẹ̀, táyà ẹ̀yìn rì sínú ẹrẹ̀. Ó fi orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó sunkún, ó sì dìde. Ó fi eékún tó ń dùn ún rìn fún wákàtí kan ààbọ̀ kó tó pàdé obìnrin òyìnbó arúgbó kan tó ń dá rìnrìn àjò.

Fáànù kékeré ni obìnrin náà ń wà, èyí tó ní ibùsùn àti sítóòfù nínú. Wọ́n jọ padà lọ gbé Mùtàlíbù, orí ibùsùn náà ni wọ́n sì tẹ́ ẹ sí lọ sí ọsibítù.

"Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni," ni dókítà wí.

4.

Nínú yàrá kan ní ilé ọmọ wọn, Inaayah, ní Lanham lẹ́gbẹ̀ẹ́ DC, ni wọ́n wà báyìí. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Mùtàlíbù ti kú. Ọkọ̀ ńlá náà wà ní pápá kan tí koríko ti ń bò ó, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Alimat ti padà sẹ́nu iṣẹ́, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ.

Raheem wá kí wọn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mùtàlíbù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tún irú ọkọ̀ yẹn ṣe. Gbólóhùn kan ni ǹ bá sọ fún yín: ẹ ra èyí tí ìyàwó yín lè wà. Kí ló dé tẹ́ ò bi mí?"

Omi bọ́ lójú Mùtàlíbù. Ó wá ọ̀rọ̀ náà títí, kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ní... káyé má gbọ́."

"Ṣé èmi wá ni ayé, ẹ̀gbọ́n?"

Alimat ló mú tówẹ̀ẹ̀lì, tó nu itọ́ tó ń dà lẹ́nu ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó ra ohun tí ẹ máa gbé inú rẹ̀, ẹ bi ara yín pé lọ́jọ́ tí mi ò bá lè dìde, ta ló máa wà á? Ẹ gbọ́ ti ìyàwó yín, kí ẹ sì bi ẹni tó mọ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè, ojú ọ̀nà ló máa kọ́ ọ lọ́gbọ́n.