Ẹni Tó Gé Ewé Sójú Títì

Nígbà tí taya wa bẹ́ lójú ọ̀nà Ìgángán ní ìrọ̀lẹ́, adìyẹ tó wà ní Kùtọnù fò dìde.

Mo ṣì ń bá sípánà jìjàkadì nígbà tí ọkùnrin kan jáde láti inú igbó. Ó gé ewé tútù, ó tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ wa kí ọlọ́kọ̀ mìíràn má bàa kọlù wá. Ló bá fi ìka lásán tú gbogbo nọ́ọ̀tì, bí ẹní ń ṣí ìgò, ó sì fi taya mìíràn sí i.

“Háà, ọkùnrin nìyí!” ni Mojírọ́lá ìyàwó mi wí. “Bàbá Ṣèyí, ẹ máa wò ó, kẹ́ ẹ kọ́gbọ́n.”

Owú jó mi débi pé èèyàn lè yan àgbàdo láyà mi. Ọkùnrin yìí ń rìn lórí ewé gbígbẹ, kò dún, n ò tilẹ̀ bìkítà.

Ó ní ká gbé òun.

“Ẹ jẹ́ kó wọlé, ẹ jọ̀ọ́,” ni Mojírọ́lá wí.

“Kó fẹsẹ̀ rìn! Ṣebí ọkùnrin ni!”

Mo wa ọkọ̀ lọ bí ọta ìbọn. Ní kọ́nà kan níwájú, ewé tútù wà lójú títì, kò sì sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Bí a ṣe débẹ̀, taya tó fi sí i náà rọ wọ̀ọ̀.

Ọkùnrin náà jáde láti inú igbó, ó ń nu ọwọ́. Kò wò mí. Àyà tí à bá fi yan àgbàdo ti tutù bí omi àmù. Mo nawọ́ láti di Mojírọ́lá mú, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó lọ jókòó sẹ́yìn, ó sún wọnú, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.