Ẹni Mẹ́rin fún Yàrá Kan

Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kan ló jí Bàbá Àdìgún ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Orí imú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà balẹ̀ sí. Inú bí i títí ó fi dìde jókòó.

"Gàníyù! Ta ló ní kí Sarat máa gun bẹ́ẹ̀dì?"

Gàníyù, ọmọ àbúrò rẹ̀, ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó dáhùn. Kò gba wàhálà. Orí ẹní ló wà tẹ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ooru ló mú un."

"Ooru! Ẹni mẹ́jọ nínú yàrá kan, kí ni ooru ò ní ṣe?"

Ẹni mẹ́jọ ni wọ́n lóòótọ́. Bàbá Àdìgún àti Raliat ìyàwó rẹ̀ ló ni orí bẹ́ẹ̀dì onírin. Àwọn ọmọkùnrin wọn méjì ló ni ẹ̀gbẹ́ ògiri. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá, iṣẹ́ náà kò sì tíì mọ ibi tí wọ́n ń gbé. Gàníyù, Suwebat ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjèèjì ló ni ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jáde ti gbọ́dọ̀ tẹ ẹnìkan mọ́lẹ̀.

Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé alámọ̀ náà ní Sábọ́ngàrí, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo sì ń dúró de gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí kò mọ yàrá Bàbá nínú ilé náà. Bàbá ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí. Bàbá ni Suwebat ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, orí ẹja sì ni tirẹ̀. Gàníyù a máa ru àpò ẹ̀pà ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí ilé ìtajà PZ. Bí ó bá dé, a jókòó síta títí Bàbá yóò fi parí oorun ọ̀sán.

Ọdún náà ni yírunyírun jà ní Sàríà. Wọ́n ní yàrá tí èèyàn bá há sí ni àrùn náà ń yà sí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wolé-wolé dé, ẹni tí àwọn Hausa ń pè ní dúbà-gàrí, tòun ti kákí àti ìwé. Ó ka ẹní, ó ka orí. Hausa ló ń sọ. Bàbá Àdìgún kò gbọ́ Hausa. Gàníyù gbọ́ ọ bí ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Tùdún Wàdà.

"Wane ne mai ɗakin nan?"

"Ó ní ta ló ni yàrá," Gàníyù túmọ̀. Bàbá Àdìgún ń rin pákò. Gàníyù na ọwọ́ méjèèjì sí i. "Bàbá wa nìyí," ó ní, ó sì sọ ọ́ ní Hausa.

Wolé-wolé kọ orúkọ Àdìgún sílẹ̀. Ó ní ẹni mẹ́rin ni òfin fún yàrá kan. Kí ẹni tó ni yàrá mú ẹni mẹ́ta. Kí àwọn yòókù jáde kí wọ́n tó kí ìrun Jímọ̀. Bí òun bá bá ẹnì karùn-ún níbẹ̀, òun á ti ilẹ̀kùn, òun á sì sun ẹní.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Àdìgún pe ìpàdé. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti pè é.

"Mo ti ń sọ ọ́! Yàrá há, ẹ̀ ń rí i pé ó há, ẹ sì ń bímọ síbẹ̀ bí ẹni ń kó iṣu sí abà!"

"Bàbá, oṣù tí mo máa bí nìyí," ni Suwebat wí. "Níbo lẹ fẹ́ ká lọ?"

"Ṣé èmi ni mo fún ẹ lóyún? Àbí àgbà bíi tèmi ni kó lọ sùn ní rélùwéè?"

"Suwebat, ó tó," ni Gàníyù wí.

"Kò tó! Ẹ sọ̀rọ̀, bàbá Sarat! Ẹ̀yin náà lẹ́nu!"

Ẹní ni Gàníyù ń wò. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló gbé e jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Èèyàn kì í wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú kó máa já a níyàn.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n ká ẹní. Gàníyù ti rí ibì kan ní Gyẹ́llẹ́sù, níbi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ tó ṣáájú. Ó gbé àpótí lérí, ó dúró, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lò ń wò?"

"Kò sí, Bàbá."

Ó sọ àpótí kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Suwebat kò kúnlẹ̀. Ó pọn àbúrò Sarat, ó di Sarat lọ́wọ́ mú, ó gbójú sókè.

"Allah ya isa," ó ní, ọ̀rọ̀ tí àwọn Hausa fi ń fa ẹni tó bá rẹ́ wọn jẹ lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

"Kí ló wí?"

"Ó ní Ọlọ́run á tó fún wa, Bàbá."

"Àmín," ni Bàbá Àdìgún wí. Lẹ́yìn náà ni inú tún bí i. "Ẹ ò tiẹ̀ dúpẹ́! Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀!"

Gàníyù tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ṣòkòtò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ọdún kẹrin rèé tí Bàbá Àdìgún ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ìlọrin wá sí yàrá Gàníyù, láti wá kí i kú oríire ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, kí ó sun oorun ọjọ́ méjì, kí ó sì padà sílé.