Douangta Tó Gba Oúnjẹ Lẹ́nu Bàbá Rẹ̀

Ìwọ tí o mú fóònù dání yìí, bí ọmọ tí o bí bá gba oúnjẹ lẹ́nu bàbá rẹ̀ tó ti kú, kí lo máa ṣe fún un? Má tíì dáhùn. Fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

1.
Ní Luang Prabang níbí, ní ilẹ̀ Laos, ta ni kò mọ Douangta? Ó mọ fọ́tò yà. Ó lè ya èéfín ìdáná lásán kí omi bọ́ lójú rẹ. Nígbà tó yá, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà. Ìyẹn náà dára. Ohun tó ń kọ́ wọn ni kò dára. Ó ní ẹni tó bá ń tijú kò lè ya fọ́tò, kí wọ́n má tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màmá Phaeng ni ìyá rẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n ìrẹsì gbígbóná. Àwọn àlùfáà Búdà á tò kọjá láìwọ bàtà, màmá á sì bu díẹ̀ sínú abọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá wọnú abọ́ yẹn ni òkú wa ń jẹ. Ọkọ màmá, bàbá Douangta, ti kú. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló ti ń jẹun.

2.
Olórí àlùfáà ránṣẹ́ sí Douangta pé kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dúró sí òdìkejì ọ̀nà, kí wọ́n má tan iná kámẹ́rà. Douangta ní òun ti gbọ́. Bó ṣe yíjú padà, ó sọ fún àwọn ọmọ náà pé àwọn arìnrìn-àjò ló ń dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìyá rẹ̀ pè é sí ìdáná.

“Douangta, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ń tẹ àdúrà mi mọ́lẹ̀.”

“Màámi, fọ́tò yín ti dé Bangkok. Ẹ ti di gbajúmọ̀.”

“Ta ló bẹ̀ ọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde.

3.
Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Òmíràn tan iná sí àlùfáà arúgbó kan lójú. Àlùfáà náà ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó ṣubú, abọ́ rẹ̀ dà nù. Àwa obìnrin tó kúnlẹ̀ níbẹ̀ kò lè gbé e dìde, nítorí ọwọ́ obìnrin kì í kan àlùfáà. A kàn ń wò ó nílẹ̀.

Douangta ńkọ́? Ó ń yà á. Ó ní, “Ẹ má dáwọ́ dúró, irú ojú yìí ni mo ń wá.”

Irú ọmọ wo nìyẹn?

4.
Àwọn àlùfáà yí ọ̀nà padà. Wọn kò gba àdúgbò wa mọ́, orúnkún màmá kò sì lè gbé wọn dé àdúgbò kejì. Màmá ṣì kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìrẹsì tutù sínú agbọ̀n, kò sẹ́ni tó wá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ túká. Ilé tí Douangta bá yà sí, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ kámẹ́rà rẹ̀.

Màmá kò pariwo. Wọ́n ní, “Bàbá rẹ kò jẹun lónìí. Ìwọ lo gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀.”

Ó sunkún, ó ṣèlérí pé òun á máa gbé ìrẹsì náà lọ sí àdúgbò kejì láìmú kámẹ́rà. Ẹnu lásán! Ó fi kámẹ́rà pamọ́ sábẹ́ ìborùn rẹ̀, àwọn obìnrin ibẹ̀ rí i, wọ́n lé e bí ajá. Ìrẹsì bàbá rẹ̀ tún padà wálé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ kò bá kọ́ wọn ní ìtìjú, olè jíjà lẹ ń kọ́ wọn. Ohun tó jẹ́ àwòrán lójú yín, oúnjẹ ẹlòmíràn ni. Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Douangta ti kámẹ́rà mọ́ inú àpótí, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé agbọ̀n, ó rìn dé àdúgbò kejì, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn gbogbo àwọn obìnrin. Ó bu ìrẹsì sínú abọ́ tó kọjá níwájú rẹ̀, kò gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ jẹun.